Ọ́ìlì Wo Ni Ká Rà fún Ọkọ̀ Kékeré Wa?

Lójú ìwé òwò wa lónìí, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni a mú wá. Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò ó pé kí ló kan ọ́ìlì nínú ọ̀rọ̀ òwò, kí ó kàn wo àwọn ọkọ̀ tó wà níwájú ilé wa ní aago mẹ́fà ìdájí. Irinṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn kan fi ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó láti ojúlé dé ojúlé, àwọn kan fi ń kó èrò, àwọn mìíràn fi ń gbé kúlà oúnjẹ lọ sí òde àríyá ní Sátidé. Ọjọ́ tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, owó ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá sì wá kú pátápátá, owó àtúnṣe lè ju iye tí a ra ọkọ̀ náà lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí tún wá kàn wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni òfin ULEZ ti kárí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tí kò bá dé ìwọ̀n Euro 6 ń san £12.50 ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá jáde, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ pẹtiróòlù tó bá ti dé Euro 4 ń kọjá láìsan kọ́bọ̀. Nítorí èyí ni àwọn ìdílé kan fi ta dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ wọn, tí wọ́n sì ra pẹtiróòlù kékeré: Fiesta, Corsa, Yaris, Polo. Kò burú. Epo tí wọ́n ń mu kò pọ̀, ó sì rọrùn láti rí àyè gbé wọn sí. Ohun tí ẹni tó ń ta ọkọ̀ kì í sábà sọ fún wa ni pé púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré wọ̀nyí máa ń ṣa ọ́ìlì jẹ.

Lọ́dọ̀ wa nílé, ọ́ìlì tó bá ki ni àwọn àgbà mọ̀ sí ọ́ìlì gidi. Wọn kò ṣèké. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, àti Volkswagen Beetle tí wọ́n ń tò ní Èkó láti ọdún kan náà, ẹ́ńjìnnì tó gba ìyà ni wọ́n ní, oòrùn ilẹ̀ wa sì mú. Bí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ bá ti gbó, tí ó ti ń jẹ ọ́ìlì, 20W-50 a máa bá a dí àlàfo tó ti là sáàárín irin àti irin. Ibẹ̀ ni àṣà náà ti wá. Ṣùgbọ́n àṣà yìí bá wa wọ bàálù dé ìhín, tó fi jẹ́ pé a ṣì ń rí ẹni tó ń gbọn ike ọ́ìlì létí nínú ilé ìtajà bí ẹni ń gbọn àgbọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka nọ́ńbà ara ike. Bí a bá kọ 5W-30, lẹ́tà W yẹn dúró fún “winter”, ìyẹn ìgbà òtútù. Kì í ṣe ìwọ̀n ìwúwo gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti rò. Nọ́ńbà tó ṣáájú rẹ̀ ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣe nígbà tí ó bá tutù. Bí ó bá ṣe kéré tó ni ọ́ìlì náà yóò ṣe yára ṣàn tó láàárọ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn ń sọ bí ó ṣe ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dáadáa, 100°C ni wọ́n sì ti ń wọ̀n ọ́n. Ní ìwọ̀n gbígbóná yẹn, kíki ọ́ìlì 50 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ọ́ìlì 20, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A kò sọ pé ọkọ̀ tí ẹ bá da 20W-50 sí kò ní sítáàtì. Òtútù 15 lábẹ́ òdo ni wọ́n ti ń dán 20W wò, Lọ́ńdọ̀nù kì í sì sábà tutù tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ́ìlì tó ki máa ń pẹ́ kí ó tó gòkè dé orí ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ oṣù kìíní, ìgbà yẹn gan-an sì ni irin ń ha irin jù. Ẹ́ńjìnnì òde òní ní àwọn ihò tóóró tí ọ́ìlì gbọ́dọ̀ gbà kọjá, ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n sì ṣe wọ́n fún.

Síbẹ̀, nọ́ńbà yìí nìkan kò tó, ibí yìí gan-an ni owó wa ti ń bọ́ sọnù. Ọ́ìlì méjì lè jẹ́ 5W-30, kí èròjà inú wọn má bára mu rárá. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fi máa ń ní àmì tirẹ̀ tí ọ́ìlì gbọ́dọ̀ gbà. Ti Ford ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WSS-M2C, ti Volkswagen máa ń rí bíi 504 00, ti Vauxhall àtijọ́ ni dexos2. Àmì yìí ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bí orúkọ ọmọ yín.

Ẹ jẹ́ ká fi Fiesta ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ọmọ àdúgbò ni. Ilé iṣẹ́ Ford ní Dagenham, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1931, ń tò ó títí di oṣù kejì ọdún 2002, nígbà tí wọ́n dáwọ́ ọkọ̀ títò dúró níbẹ̀, tí iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì sì wá di olórí iṣẹ́ wọn. Ìlú Cologne ní Jámánì ni Fiesta ìkẹyìn ti jáde ní oṣù keje ọdún 2023. Fiesta 1.25 ti nǹkan bí ọdún 2009 ń lo 5W-30 tó ní àmì WSS-M2C913. Fiesta 1.0 EcoBoost tó dé ní 2013 ń lo 5W-20 tó ní àmì WSS-M2C948-B. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, àwọ̀ kan náà lè wà lára wọn, wọ́n sì lè jókòó ti ara wọn ní Lodge Avenue. Ẹ má fi ọ́ìlì ọ̀kan sínú èkejì.

Kí ló dé tí ti EcoBoost fi le tó bẹ́ẹ̀? Nínú gbogbo ẹ́ńjìnnì, ohun kan gbọ́dọ̀ so ọ̀pá ìsàlẹ̀ tí àwọn písítìn ń yí mọ́ ọ̀pá òkè tó ń ṣí àwọn fáàfù, kí àwọn méjèèjì lè máa yí pọ̀ láìtàsé. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, ṣéènì irin ni. Nínú àwọn mìíràn, bẹ́líìtì rọ́bà ni, ìta ọ́ìlì ló sì wà, ní gbígbẹ. Nínú EcoBoost 1.0 àkọ́kọ́, inú ọ́ìlì gan-an ni bẹ́líìtì rọ́bà náà ń gbé. Àwọn tó ṣe é fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí wẹ́rẹ́, kí ó sì dín epo kù, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ kò bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n dán wò pẹ̀lú rọ́bà náà, tàbí tí ó bá ti pẹ́ jù tí pẹtiróòlù ti pò mọ́ ọn, rọ́bà a máa wú, a máa sán, a sì máa rún díẹ̀díẹ̀. Ìrúnrún yẹn á ṣàn lọ sísàlẹ̀, á lọ dí asẹ́ tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì. Ọ́ìlì á wà nínú ọkọ̀, géèjì á fi hàn pé ó kún, síbẹ̀ kò ní dé ibi tí wọ́n ti nílò rẹ̀. Nígbà tó bá yá, tọ́bò á bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì á sì gan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ń jẹ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìyàtọ̀ owó láàárín ọ́ìlì tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́ kì í sábà ju pọ́n-ùn mélòó kan lọ.

Bẹ́líìtì náà ní ọjọ́ orí pẹ̀lú. Fún àwọn EcoBoost àkọ́kọ́, ọdún 10 ni ètò àtúnṣe Ford fi sí i, ó sì túmọ̀ sí pé ti àwọn ọkọ̀ 2013 àti 2014 ti kọjá àkókò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí, kí ó béèrè ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí, kí ó yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú iye tí yóò san. Àwọn 1.0 kan tó jáde lẹ́yìn náà ti ní ṣéènì, nítorí náà ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ yín béèrè kí ẹ tó já ara yín láyà.

Kì í ṣe Ford nìkan. Ẹ́ńjìnnì 1.2 PureTech, tó wà nínú Peugeot 208, Citroën C3 àti irú Corsa tó jáde láti ìparí 2019, ní bẹ́líìtì inú ọ́ìlì bákan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun náà sì ní àmì ọ́ìlì tirẹ̀. Ti Yaris fúyẹ́ díẹ̀: ṣéènì ló ní, 0W-20 sì ni ìwé rẹ̀ sábà máa ń dárúkọ, ọ́ìlì tó ń ṣàn bí omi, tí àwọn bàbá wa ìbá ti dá padà fún ọlọ́jà.

Bí ẹ bá dé ilé ìtajà, ẹ̀yìn ike ni kí ẹ kà. Ìpolówó ló wà níwájú. Bí ẹ bá rí “approved” pẹ̀lú àmì ọkọ̀ yín, ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló fọwọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ “meets” tàbí “suitable for” ni wọ́n kọ, ẹni tó ṣe ọ́ìlì ló ń jẹ́rìí ara rẹ̀. Irọ́ kọ́ ni nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ẹni tó ní bẹ́líìtì inú ọ́ìlì, kí ó má fi í ta tẹ́tẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, kò pọn dandan kí ẹ ra èyí tó lórúkọ jù. Ike olówó pọ́ọ́kú tó ní àmì tó pé sàn ju ike olówó ńlá tí kò ní i.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù ni ìwé wọn ti sọnù. Ẹ wo V5C yín, ẹ ó rí irú epo tí ọkọ̀ ń lo àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó. Àwọn ilé ìtajà ohun èlò ọkọ̀ tún ní ibi tí a ti ń tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí yóò sì dárúkọ ọ́ìlì rẹ̀. Ẹ wò ó ní ibi méjì, bí wọn kò bá bára mu, ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin tó ń tọ́jú arúgbó, tí ẹ ń wakọ̀ láti ibí dé Becontree, kí ẹ paá, kí ẹ tún wà á díẹ̀ sí i. Irú ìrìn kúkúrú bẹ́ẹ̀ ni ó ń ba ọ́ìlì jẹ́ jù, ju kí a wà á lọ sí Manchester lọ. Ẹ́ńjìnnì kì í gbóná tó, omi àti pẹtiróòlù tó yẹ kí ó gbẹ dànù á wá kú sínú ọ́ìlì. Bí ẹ bá ṣí ọmọrí ọ́ìlì ní ìgbà òtútù tí ẹ rí ohun funfun bí ọ̀rá lábẹ́ rẹ̀, ó lè jẹ́ omi bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí omi inú rédíétọ̀ bá tún ń dín kù, ẹ tètè gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ má dúró de iye máìlì tí ìwé kọ. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́dún kan, ó pẹ́ tán, pẹ̀lú fílítà rẹ̀, kí ẹ sì wo géèjì lọ́sẹ̀ méjì-méjì: lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti sinmi díẹ̀. Àárín àmì méjèèjì ló yẹ kí ọ́ìlì wà. Kí ó kọjá ti òkè kò dára. Bí iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ wábi tí kò léwu, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ilé ò jìnnà mọ́.

Tí ó bá jẹ́ mẹkáníìkì ló ń bá yín ṣe é, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: “Ẹ jọ̀ọ́ bọ̀dá, 948-B ni ọkọ̀ mi ń lo, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú rìsíìtì.” Bí ó bá fèsì pé, “Màámi, ọ́ìlì kan náà ni gbogbo wọn,” ẹ kàn rẹ́rìn-ín, kí ẹ sọ pé èyí tó wà nínú ìwé ni ẹ fẹ́. Tàbí kí ẹ ra ọ́ìlì náà fúnra yín, kí ẹ gbé e lọ bá a. Rìsíìtì yẹn ṣe pàtàkì. Òfin Consumer Rights Act ti 2015 sọ pé ẹni tó bá gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà gbọ́dọ̀ ṣe é pẹ̀lú ìtọ́jú àti ìmọ̀ tó yẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́ kò ní ohun tí yóò fi jà. (Ẹni tó jẹ́ takisí nìkan ló ń fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣe lè má rí ààbò òfin yìí, kí ó wo àdéhùn rẹ̀ dáadáa.) Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta ọkọ̀ náà, rìsíìtì ọ́ìlì tó tọ́ máa ń mú kí ẹni tó fẹ́ rà á fọkàn balẹ̀.

Ní ti ilé: láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ ní apá ọ̀tún, nítorí náà ọkọ̀ ìhín kì í wúlò níbẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ́ńjìnnì ni àwọn kan ń kó lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin. Bí ẹ bá ń fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ àmì ọ́ìlì rẹ̀ gàdàgbà sórí bébà, kí ẹ so ó mọ́ ọn, nítorí 20W-50 ni ọwọ́ yóò kọ́kọ́ nà sí.

Ó ku ọ́ìlì dúdú tí ẹ bá fà jáde. Ẹ má dà á sí gọ́tà. Gọ́tà òjò àdúgbò wa ń ṣàn lọ sínú Mayes Brook, odò tí wọ́n tún ṣe nínú Mayesbrook Park ní 2011, ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń ṣeré, ó sì ń ti ibẹ̀ lọ sínú odò Roding. Ẹ dà á padà sínú ike tí ọ́ìlì tuntun ti jáde, láìfi omi tàbí pẹtiróòlù lù ú, ẹ dé e pinpin, kí ẹ gbé e lọ sí ibi ìkódọ̀tí ìjọba ìbílẹ̀ ní Frizlands Lane. Ẹ mú ìwé tó fi àdírẹ́sì yín hàn dání.