Omi Èso àti Àbàwọ́n Eyín: Àbá lórí Èdè-Ìperí Ìtọ́jú Eyín, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Ẹ̀pẹ́

1. Ìfáàrà

Ìlú Ẹ̀pẹ́ wà ní etí ọ̀sà, ní ìhà ìlà-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkó, iṣẹ́ ẹja sì ni a fi mọ̀ ọ́n jù. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ kan ẹja tútù láti àárọ̀ di ọ̀sán mọ ohun tí ọsàn wẹ́wẹ́ ń ṣe: bí a bá fún omi rẹ̀ sí ọwọ́, òórùn ẹja á lọ. Bí a bá sì fi í nu idẹ, idẹ á dán. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé àwọn kan gbà pé ohun tí ó ń fọ ọwọ́ mọ́, tí ó sì ń mú idẹ dán, yóò lè sọ eyín pípọ́n di funfun.

Èrò yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ‘fífọ̀’, ni à ń lò fún iṣẹ́ mẹ́ta tí kò jọra, àti pé àìsí orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn lè mú kí ènìyàn máa ba eyín ara rẹ̀ jẹ́ nígbà tí ó rò pé òun ń tọ́jú rẹ̀.

2. Ìbora-eyín àti ara-eyín

Apá òde eyín tí a ń rí ni ó le jù lọ nínú gbogbo ara ènìyàn. Nínú ìwọ̀n 100 rẹ̀, nǹkan bí 96 jẹ́ èròjà líle tí kálísíọ̀mù àti fọ́síféètì para pọ̀ di. Àwọn kan lè fẹ́ pè é ní ‘èèpo eyín’. A kò fara mọ́ ọn, nítorí pé bí a bá bó èèpo igi, igi a máa hù ú padà. Ṣùgbọ́n kété tí eyín bá ti yọ síta, kò sí ohun tí yóò tún hu apá òde yìí mọ́. Nítorí náà ni a ṣe dá a lábàá pé kí a pè é ní ‘ìbora-eyín’. Ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti ìyeyè, ni a ó pè ní ‘ara-eyín’. Ìbora wà lórí ara. Bí ìbora bá fẹ́lẹ́, ara a hàn síta.

3. Oríṣi àbàwọ́n méjì

(a) Àbàwọ́n ojú-eyín: èyí ni ohun tí obì, orógbó, tíì àti tábà ń lẹ̀ mọ́ òde eyín.
(b) Àbàwọ́n inú-eyín: èyí wà nínú eyín fúnra rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ni èyí tí oògùn tẹtirasáíkílíìnì ń fà bí aboyún tàbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ bá lò ó, nítorí pé ìgbà náà ni eyín ń dá lọ́wọ́. Bí a bá fi ìyàrín fọ irú eyín bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, àbàwọ́n náà kò ní kúrò.

4. Iṣẹ́ mẹ́ta tí à ń pè ní ‘fífọ̀’

Èkíní ni ‘ìfọ̀kúrò’: kí a mú ohun tí ó lẹ̀ mọ́ ojú eyín kúrò, kí ìbora-eyín sì wà bí ó ṣe wà.

Èkejì ni ‘ìmúṣá-àwọ̀’. A máa ń sọ pé aṣọ ṣá bí àwọ̀ rẹ̀ bá parẹ́ tí òwú rẹ̀ kò sì já. Irú èyí ni èròjà pẹ́rọ́kíṣáìdì ń ṣe sí eyín. Ní 1989, Haywood àti Heymann, àwọn oníṣègùn eyín ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà kan jáde nípa èyí tí a ń fi irú èròjà bẹ́ẹ̀ sínú ohun tí a dà ní àwòṣe eyín, tí aláìsàn yóò kì bọ ẹnu sùn ní alẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ‘ìyọ́dànù’: kí ìbora-eyín fúnra rẹ̀ máa yọ́ lọ. A kò pè é ní ‘jíjẹrà’, nítorí pé kòkòrò ni ó máa ń fa eyín jíjẹrà. Kò sí kòkòrò nínú ìyọ́dànù, ohun kíkan ni ó ń fà á.

5. Ibi tí èso bọ́ sí

Láti mọ ibi tí omi ọsàn wẹ́wẹ́ bọ́ sí, a nílò ‘òṣùwọ̀n-kíkan’. Láti 0 dé 14 ni à ń kà á. Ohun tí kò kan rárá, bí omi tí a sè tí a sì gbe oruku rẹ̀, wà ní 7. Bí iye bá ṣe ń dín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kíkan ń di ìlọ́po mẹ́wàá. Ní nǹkan bí 5.5 ni ìbora-eyín ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà láàárín 2 sí 3. Èyí fi hàn pé ó kan ju ààlà náà lọ ní ìlọ́po tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ.

Ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí pé èdè wa ti mọ èyí tipẹ́. Ọsàn a máa kan. Bí a bá sì jẹ ọ́ jù, a ó ní eyín kan wa. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni ó ń sọ ìwà èso àti ohun tí ó ṣe sí eyín.

Olùkọ́ lè fi èyí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kí ó fi èèpo ẹyin adìyẹ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́. Kò ní pẹ́ tí yóò fi máa hó. Bí ilẹ̀ bá fi mọ́, èèpo náà yóò ti rọ̀. Lóòótọ́, èèpo ẹyin kì í ṣe eyín, ó sì yára yọ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù wà nínú àwọn méjèèjì.

Kí ni ó wá dé tí eyín fi máa ń dà bí ẹni pé ó funfun lẹ́yìn tí a fi ọsàn pa á? Ìdí ni pé àbàwọ́n bá ìbora tí ó lẹ̀ mọ́ lọ. Bí a bá ń ṣe é lemọ́lemọ́, ìbora á fẹ́lẹ́, ara-eyín á hàn, eyín á sì pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Omi tútù pàápàá á wá máa ro ó.

Ọ̀rọ̀ ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ òyìnbó yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn èso méjèèjì ní ẹ́ńsáìmù tí ó lè tú purotéènì, purotéènì sì wà nínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí itọ́ ń dà bo eyín, èyí tí àbàwọ́n ń lẹ̀ mọ́. Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń yọ ẹ́ńsáìmù wọ̀nyí sọ́tọ̀ sínú ọṣẹ eyín. Ṣùgbọ́n ẹ́ńsáìmù tí a yọ sọ́tọ̀ kì í ṣe omi èso. Omi ọ̀pẹ òyìnbó ṣì kan. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Iowa, ní Amẹ́ríkà, dán àpòpọ̀ èso sitirọ́bẹ́rì àti sódà wò lórí eyín tí a ti yọ. Wọ́n rí i pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ eyín di funfun bí a bá fi wé èròjà pẹ́rọ́kíṣáìdì.

6. Ohun tí a ní nílé

Ìfọ̀kúrò kò ṣòro fún àwọn baba wa. Orin ni wọ́n fi ń ṣe é: orin àtà, orin ayán, àti pákò ìjẹ̀bú. Ní 1971, El-Said, Fádùlú, Kúyè àti Ṣófowórà gbé ìwádìí jáde lórí agbára tí orin ní láti dojú kọ kòkòrò àrùn. Orin rírún tàbí búrọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ọṣẹ eyín tí ó ní flúóráìdì tó fún àbàwọ́n ojú-eyín ojoojúmọ́. Oníṣègùn eyín ni yóò sì rí sí ìyókù. Ẹni tí ó bá jẹ ọsàn, kí ó fi omi ṣan ẹnu, kí ó sì dúró díẹ̀ kí ó tó rún orin, nítorí pé itọ́ a máa dá díẹ̀ padà nínú ohun tí kíkan mú lọ.

7. Àgbálọgbábọ̀

Èdè-ìperí tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ara ṣì kù. Iṣẹ́ Ọlọ́dún Mẹ́fà tí Fáfúnwá darí ní Ifẹ̀ láti 1970 sì ti fi hàn pé ọmọ lè fi èdè Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì. A dá àwọn wọ̀nyí lábàá:

ìbora-eyín: apá òde eyín, tí kì í hù padà;
ara-eyín: apá tí ó wà lábẹ́ ìbora;
àbàwọ́n ojú-eyín; àbàwọ́n inú-eyín;
ìfọ̀kúrò: mímú àbàwọ́n ojú-eyín kúrò;
ìmúṣá-àwọ̀: pípa àwọ̀ rẹ́ láìyọ́ ìbora;
ìyọ́dànù: yíyọ́ ìbora nítorí ohun kíkan;
òṣùwọ̀n-kíkan: ohun tí a fi ń mọ bí nǹkan ti kan tó.

Bí a bá fún nǹkan mẹ́ta ní orúkọ mẹ́ta, ẹni tí ó mú ọsàn wẹ́wẹ́ dání ní Ẹ̀pẹ́ yóò lè bi ara rẹ̀ léèrè kí ó tó gbé e kan eyín: ṣé ìfọ̀kúrò ni mo fẹ́ ṣe ni, àbí ìyọ́dànù?