Òtítọ́ Nínú Títa àti Ríra Ohun Àlòkù

BÍBÉLÌ KÍKÀ: Lefitiku 25:13-17, Eksodu 21:35-36, Lefitiku 6:1-5, Òwe 20:14

ẸSẸ ÀKỌ́SÓRÍ: Lefitiku 25:14. Kí kíláàsì kà á pọ̀ láti inú Bíbélì lẹ́ẹ̀mejì.

ÈTE Ẹ̀KỌ́: Kí olúkúlùkù wa lè mọ ohun tí Ọlọ́run ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà, lọ́wọ́ ẹni tí ń rà, àti lọ́wọ́ ẹni tí ọjà tí kò dára ti bọ́ sí lọ́wọ́.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Bí a bá fẹ́ ra gàrí lọ́jà, a ó kọ́kọ́ bu díẹ̀ sọ́wọ́, a ó jù ú sẹ́nu. Ẹnu yóò sọ fún wa bóyá ó kan tàbí kò kan, bóyá ó gbẹ tàbí ó tutù, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí ná an. Ó ṣòro kí ènìyàn tan ará Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ jẹ lórí gàrí. Ṣùgbọ́n fírísà kò ṣe é jù sẹ́nu. Ohun tí ó ń sọ bóyá ó dára wà nínú páìpù tí ojú kò rí àti nínú ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti dé pa. Ẹni tí ń tà á nìkan ni ó lè mọ̀, nígbà mìíràn òun pàápàá kò mọ̀. Nítorí náà ni ọ̀ràn ohun àlòkù fi jẹ́ ọ̀ràn ẹ̀rí-ọkàn ju ọ̀ràn ojú lọ, tí ó sì fi yẹ kí a gbé e wá sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

Ọdún tí ó kù ni a ń tà (Lefitiku 25:13-17)

Gẹ́gẹ́ bí òfin tí Ọlọ́run fún Ísírẹ́lì, ilẹ̀ tí ẹnìkan bá tà yóò padà sọ́dọ̀ ìdílé rẹ̀ ní ọdún Jubeli, èyí tí í ṣe ọdún àádọ́ta. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó ń ta ilẹ̀ títí láé. Ìkórè ni wọ́n ń tà. Bí ọdún tí ó kù kí Jubeli dé bá pọ̀, owó ilẹ̀ náà yóò pọ̀. Bí ọdún bá ku díẹ̀, owó rẹ̀ yóò dínkù. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà ni ẹsẹ 14 kìlọ̀ fún papọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọkùnrin kan tí ó ta oko rẹ̀ nígbà tí ó ku ọdún 2 kí Jubeli dé, ṣùgbọ́n tí ó sọ fún àlejò tí kò mọ ìṣirò náà pé ó ku 10. Oko náà dára, ilẹ̀ rẹ̀ lọ́ràá, kò sí irọ́ nínú ohun tí ojú rí. Síbẹ̀ ìkórè ọdún 8 ni ó jí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ohun àlòkù rí. Ẹni tí ó ra fírísà àlòkù mọ̀ pé òun kò ra tuntun. Ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi kéré. Iye ọdún tí ó kù nínú rẹ̀ ni ó ń sanwó fún. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí a ta ohun àtijọ́. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti wọlé ni ibi tí a ti parọ́ iye ọdún tí ó kù, tàbí tí a dákẹ́ nígbà tí a mọ̀ pé kò ku nǹkan kan.

Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni Tòkunbọ̀ tẹ́lẹ̀, orúkọ iyì sì ni. (Bóyá Arákùnrin Tòkunbọ̀ kan wà nínú kíláàsì yín tí ọ̀rọ̀ yìí yóò pa lẹ́rìn-ín.) Àwa ni a wá fi orúkọ rẹ̀ pe ọkọ̀, sítóòfù, fíríìjì àti fírísà àlòkù. Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti iléeṣẹ́ Àdéhùn Basel tí ó wà ní Ìbàdàn ṣe ìwádìí nípa àwọn ẹrù wọ̀nyí ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016. Wọ́n rí i pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ iná àlòkù ni ó ń wọ Nàìjíríà lọ́dún kan, àti pé ó kéré tán 19 nínú 100 rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Inú ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun ni wọ́n kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sí. Kí olùkọ́ má sì ṣe sáré kọjá ibi yìí: fíríìjì àti fírísà àlòkù wà lára àwọn ẹrù tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ilẹ̀ wa fi òfin dè pé kí wọ́n má ṣe wọlé. Síbẹ̀ wọ́n ń wọlé, nítorí pé owó tuntun ju agbára ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa lọ.

Ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ṣe ń bo àbùkù mọ́lẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò lè ṣọ́ra fún un. Gáàsì inú páìpù ni ó ń mú kí fírísà tutù. Bí páìpù bá ń jò, gáàsì yóò máa tán díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ń tà á lè pe oníṣẹ́ kí ó rọ gáàsì sí i ní òwúrọ̀ láì dí ojú ibi tí ó ń jò. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ yìnyín ti wà nínú rẹ̀. Oníbàárà yóò fọwọ́ kàn án, yóò sì sanwó. Lẹ́yìn ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, omi kò ní dì mọ́. Òmíràn wá láti Amẹ́ríkà, níbi tí iná ilé wọn ti jẹ́ nǹkan bí 120 fólítì, nígbà tí tiwa jẹ́ 230; bí a bá kì í bọ iná wa láìlo ẹ̀rọ tí ń dín agbára iná kù, yóò jó. Àwọn mìíràn ń fi àìsí iná ṣe ìbòjú. Wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ́ńjìnì á dún, gílóòbù inú rẹ̀ á tàn, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ rí i?" Ìró ẹ́ńjìnì kì í ṣe yìnyín.

Ṣé ó mọ̀, tàbí kò mọ̀? (Eksodu 21:35-36)

Bí màlúù ẹnìkan bá kan ti ẹlòmíràn pa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni òfin béèrè kí ó tó dájọ́: ǹjẹ́ ẹni tí ó ni màlúù náà mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó máa ń kàn? Bí kò bá mọ̀, àwọn méjèèjì yóò pín àdánù náà. Wọn yóò ta èyí tí ó yè, wọn yóò pín owó rẹ̀, wọn yóò sì pín òkú èyí tí ó kú. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ̀ tí kò sì so ó mọ́lẹ̀, òun nìkan ni yóò ru àdánù náà.

Ọgbọ́n yìí bá ọjà wa mu. Ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Alaba ní Èkó tàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde lè ra ogún fírísà lẹ́ẹ̀kan láìní àyè láti dán ọ̀kan wò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú sọ́wọ́ oníbàárà, kò tọ́ kí a pe ọkùnrin náà ní olè. Kí wọ́n jọ jókòó, kí wọ́n pín owó àtúnṣe, bí òfin màlúù ti wí. Ẹni tí ó mọ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Kò lè sá sábẹ́ ìwé rìsíìtì tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìpín 117 nínú Òfin Ìdíje àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ti 2018 pàṣẹ pé kí ẹni tí ń ta ohun tí wọ́n ti tún ṣe lẹ ìwé tí ó hàn kedere mọ́ ọn lára pé wọ́n ti tún un ṣe. Bí Késárì bá béèrè èyí, kí ni Ọlọ́run yóò béèrè?

Lefitiku 6:1-5 dá a lóhùn. Ẹni tí ó tan ẹnìkejì rẹ̀ jẹ yóò dá gbogbo owó náà padà, yóò sì fi ìdámárùn-ún lé e. Bí owó fírísà bá jẹ́ ₦100,000, ₦120,000 ni yóò padà. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú kíláàsì yóò rẹ́rìn-ín sí èyí. Kí wọ́n ṣí Luku 19:8, kí wọ́n wo iye tí Sakeu fi lé tirẹ̀. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ọwọ́ ẹni tí ó ni owó ni a ó dá a padà sí. Kò sí ibi tí a ti kà á pé kí ènìyàn mú ìdámẹ́wàá èrè ẹ̀tàn wá sínú ìjọ, kí ọ̀rọ̀ sì tán.

Ẹni tí ń rà pẹ̀lú (Òwe 20:14)

Àwọn baba wa ní òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. A máa ń pa òwe yìí bí ẹni pé àwọn tí ń tajà nìkan ni ó ń bá wí, bẹ́ẹ̀ àwa tí ń rà ni owó náà wà lọ́wọ́ wa. Òwe 20:14 sọ nípa ẹni tí ń bu ọjà kù nígbà tí ó ń ná an, tí ó sì ń yangàn nígbà tí ó gbé e délé. Òmíràn tún wà tí Sólómọ́nì kò rí: ẹni tí ó fi ọ̀bẹ họ yìnyín lára fírísà títí ọ̀bẹ fi lu páìpù, tí ó wá gbé e padà pé bí wọ́n ṣe tà á fún òun nìyí. Irọ́ ni èyí náà.

Kí ẹni tí ń rà béèrè ní gbangba: "Ǹjẹ́ wọ́n ti tún un ṣe rí? Kí ni wọ́n ṣe sí i?" Kí ó béèrè níwájú ẹlẹ́rìí, bí Abrahamu ti ra oko Efroni níwájú àwọn ará ìlú (Genesisi 23). Kí ó dúró títí omi yóò fi dì, bí ó tilẹ̀ gba ọjọ́ kan gbáko. Bí wọ́n bá lè fẹnu kò pé kí ó san díẹ̀, kí ó san ìyókù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ó bá ti bọ́ sí wa lọ́wọ́ ńkọ́?

Ká ní arábìnrin kan wà tí ń ta omi tútù àti ohun mímu ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó fi ra fírísà àlòkù ní ₦100,000. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, omi kò dì mọ́. Oníṣẹ́ wá wò ó, ó fi hàn án pé wọ́n ti lẹ páìpù rẹ̀ ní ibi mẹ́ta, wọ́n sì fi ọ̀dà kùn ún. Ó padà lọ bá ẹni tí ó tà á fún un. Ìyẹn ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Nígbà tí ó délé, aládùúgbò rẹ̀ kan wí pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí owó yín ṣègbé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rọ gáàsì sí i, kí ẹ nù ún kí ó dán, kí ẹ tà á fún ẹni tí kò mọ̀ yín. Ṣé ẹ̀yin ni ẹ bà á jẹ́ ni?"

Ìmọ̀ràn yìí kò jọ ti èṣù létí ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀. Ó jọ ìdájọ́ òdodo. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí oníṣẹ́ ti fi ibi mẹ́ta yẹn hàn án ni ó ti di ẹni tí ó mọ̀ pé màlúù rẹ̀ ń kàn. Títí di ọjọ́ náà, wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni. Bí ó bá tà á láìsọ̀rọ̀, kò sí ìyàtọ̀ mọ́ láàrin òun àti ẹni tí ó tà á fún un.

Èyí kò wí pé kò gbọdọ̀ tà á. Fírísà tí kò tutù mọ́ ṣì jẹ́ àpótí dáadáa. Àwọn ènìyàn ń ra irú rẹ̀ láti tọ́jú yìnyín tí wọ́n rà níbòmíràn, tàbí láti kó ìrẹsì àti gàrí sí kí eku má bàa dé ibẹ̀. Kí ó sọ pé kò tutù, kí ó sì gba owó àpótí. Ká ní ó rí ₦15,000 gbà. Ó ku ₦85,000 tí ẹgbẹ́ yóò máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù, láì ka owó ilé ìwé àwọn ọmọ.

Kí ó tún padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó tà á, láìsí èébú, kí ó mú oníṣẹ́ náà dání. Bí onígbàgbọ́ bá ni ẹni náà, Matiu 18:15-16 ti fi ọ̀nà hàn. Bí kò bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tọ olórí ẹgbẹ́ àwọn tí ń ta irú ọjà náà lọ. Àjọ FCCPC tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tí ń rajà wà lẹ́yìn ìyẹn.

Ó ṣeé ṣe kí gbogbo èyí má so èso. Ó rọrùn fún wa láti wí fún un pé, "Arábìnrin, sọ òtítọ́," kí a pa ìwé ẹ̀kọ́ dé, kí a máa lọ sílé. Jakobu 2:15-16 kò fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìbáwí. Bí ènìyàn 20 bá wà ní kíláàsì, tí ẹnìkọ̀ọ̀kan sì mú ₦2,000 wá, ₦40,000 nìyẹn. Lójú tèmi, kíláàsì tí ó bá ní kí ó má ṣe tan ẹnikẹ́ni jẹ ti fọwọ́ sí díẹ̀ nínú gbèsè náà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ọlọ́jà kan sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ pé, "N kò dán wọn wò o, bí ẹ bá rà á, ẹ ti rà á nìyẹn." Ǹjẹ́ ó ti pa Lefitiku 25:14 mọ́?

2. Bí ẹni tí ó ta fírísà fún arábìnrin yìí bá jẹ́ ọmọ ìjọ wa, ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀, níbo sì ni?

3. Ǹjẹ́ ohun kan wà nílé yín tí ẹ fẹ́ tà lọ́wọ́lọ́wọ́? Kí ni ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ tí ẹni tí yóò rà á kò lè rí?