Bí Òjò Oṣù Kẹsàn-án Ṣe Ń Dé Inú Àmù Oṣù Kejì

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Takie, ní àárín ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, nínú Oṣù Kejì. Ọyẹ́ ti mú kí ètè sán, eruku pupa ti bo òrùlé páànù. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, kẹ́ẹ̀gì ni ẹ ó kọ́kọ́ rí: ọmọdé ń ti ọmọlanke, ìyá àgbà gbé báfù dání, wọ́n ń wá kànga tí omi rẹ̀ kò tíì di ẹrẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ní Oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, àgbàrá ń wọ́ kọjá lójú títì yìí kan náà, ó ń gbé iyanrìn lọ. Níbo ni gbogbo omi yẹn wọlẹ̀ sí? Ìbéèrè yìí ni ẹ̀kọ́ wa lónìí.

Ìdí tí omi kì í fi í dúró

Orí àpáta ni ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wà. Erùpẹ̀ tó bo àpáta náà kì í nípọn púpọ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi á rì díẹ̀, á kan òkúta, á wá ọ̀nà gba ibòmíràn, á sì ṣàn bọ́ sínú odò. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ kànga fi ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Ìdí náà nìyí tí bọ̀hóòlù méjì tí wọ́n gbẹ́ ní àdúgbò kan ṣoṣo fi lè yàtọ̀: ọ̀kan bọ́ sí ibi tí àpáta ti là, omi wà níbẹ̀, èkejì kan àpáta tó dì pa, owó sì ṣòfò. Òjò náà kì í sì í rọ̀ yípo ọdún. Láti nǹkan bí Oṣù Kọkànlá títí wọ Oṣù Kẹta, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń jọba.

Àwọn baba ńlá wa mọ èyí. Ní Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú àtijọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1830, ojú ibi tí wọ́n ń kó omi jọ sí ṣì wà pẹ̀lú àwókù odi ìlú, nínú igbó tí ìjọba àpapọ̀ ń dáàbò bò, ìyẹn Old Oyo National Park. Ìlú tó ní èrò àti ẹṣin tó bẹ́ẹ̀ kò lè máa wojú odò nìkan lẹ́ẹ̀rùn.

Iṣẹ́ tí dáàmù ń ṣe

Ẹ kọ gbólóhùn kan yìí sílẹ̀: dáàmù kì í dá omi. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gbé omi láti oṣù kan lọ sí oṣù mìíràn. Àmù tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá ìyá àgbà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gan-an: ó gba omi òwúrọ̀, ó tọ́jú rẹ̀ di alẹ́.

Ẹ fi ojú inú wo akèrègbè. Ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, ikùn rẹ̀ tóbi. Irú ibẹ̀ ni onímọ̀ ẹ̀rọ ń wá láàárín òkè: ibi tí odò ti gba àárín òkè méjì tó súnmọ́ra kọjá, tí àfonífojì sì fẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọrùn ni wọ́n ń mọ ògiri sí, ikùn ni omi ń kún. Wọ́n á fi ọ̀nà kan sílẹ̀ tí àkúnwọ́sílẹ̀ yóò máa gbà, nítorí pé omi tó bá gba orí ògiri alámọ̀ kọjá yóò gé ògiri náà. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀ yìí ni onídáàmù fi ń sọ pé òun ò gbà.

Ní Ọ̀yọ́, wọ́n dí odò Awon ní 1961, wọ́n fi ṣe dáàmù Erelu, tí omi rẹ̀ tẹ́ sórí nǹkan bíi hẹ́kítà 161. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n dí odò Ọ̀bà ní 1964 kí omi ẹ̀rọ lè wọ ìlú. Èyí tó tóbi jù ni Ikere Gorge nítòsí Ìsẹ́yìn, lórí odò Ògùn, tí ìjọba Shehu Shagari bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ó lè gba mílíọ̀nù 690 mítà oníhà-mẹ́ta.

Iye yẹn kò yé èèyàn bí a kò bá kà á ní kẹ́ẹ̀gì. Ká ní a kan àpótí kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Lítà 1,000 ni yóò gbà, ìyẹn ogójì kẹ́ẹ̀gì onílítà 25. Ikere Gorge lè gba irú àpótí bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù 690. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń lo kẹ́ẹ̀gì méjì lójúmọ́, omi yẹn lè tó èèyàn tó ju mílíọ̀nù 37 lọ fún ọdún kan, bí kò bá sí ìkankan tó sọnù. Ṣùgbọ́n ó ń sọnù. Olè mẹ́ta ló ń jí i.

Olè mẹ́ta

Olè kìíní ni oòrùn. Ẹ pọn omi sínú báfù méjì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tí omi dé, ẹ bo ọ̀kan, ẹ ṣí èkejì sílẹ̀ nínú ọyẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ wo ibi tí omi wà sí ìlà méjèèjì. Lórí hẹ́kítà kan, bí omi bá fi mílímítà kan péré lọ sílẹ̀, lítà 10,000 ló ti lọ. Lórí Erelu, mílímítà kan náà ju mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lítà lọ. Ìdí nìyí tí dáàmù tó jìn fi sàn ju èyí tó tẹ́ lọ fẹẹrẹ.

Olè kejì ni erùpẹ̀. Ẹ bu omi àgbàrá sínú ìgò, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ ó rí ẹrẹ̀ tó sùn sí ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń sùn sí ìsàlẹ̀ dáàmù lọ́dọọdún, tó ń gba àyè omi. Láti àwọn òkè agbègbè Ṣakí ni odò Ògùn ti ń bọ̀. Bí wọ́n bá ṣán igbó etí odò lọ́hùn-ún, tí wọ́n gé igi tó di ilẹ̀ mú, ilẹ̀ oko ọ̀hún yóò wá sùn sínú dáàmù nílẹ̀ ibí.

Olè kẹta ló burú jù: ọ̀nà tó wà láàárín dáàmù àti ẹnu èèyàn. Omi dáàmù kì í rìn wá sílé. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fà á, iná sì gbọ́dọ̀ wà fún ẹ̀rọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi álọ́ọ̀mù mú kí ìdọ̀tí rẹ̀ sùn sílẹ̀, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n fi kílóríìnì pa kòkòrò rẹ̀. Páìpù tí kò jò sì gbọ́dọ̀ gbé e wọlé. Wọ́n ní kí Ikere Gorge pèsè omi mímu, kí ó bomi rin hẹ́kítà oko 12,000, kí ó sì mú iná mẹ́gáwáàtì mẹ́fà jáde. Ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá lẹ́yìn tí ògiri ti dúró tí omi sì ti kún, tí iná náà kò jáde. Àmù kún, ife kò sí. Owó tí a ná sórí ògiri kò ní so èso bí a kò bá ná owó sórí páìpù, ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́ tí yóò máa bójú tó wọn.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ ka kẹ́ẹ̀gì omi tí wọ́n ń lò nílé yín fún ọjọ́ méje. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà ilé odò tí omi ẹ̀rọ àdúgbò yín ti ń wá, àti ìgbà tó yọ kẹ́yìn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì.

Ní ti báfù méjèèjì, ẹ má da omi inú wọn nù. Ẹ fi bu sí ìdí ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé. Láti Oṣù Kẹsàn-án ló ti ń rìn bọ̀.