Ẹni Tó Bá Dákẹ́ Nínú Lẹ́ńtì

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí àwọn àgbà ṣe wí nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ, owó ilé ti pé, ọmọ ń ṣàìsàn, kí ẹnì kan ṣáà béèrè pé, "Ṣé dáadáa ni?", kíá lẹnu á yá: "A dúpẹ́ o." Ẹni tó bá wá sunkún, wọ́n á ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ò tó. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, Lẹ́ńtì gan-an ò sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ní Ọjọ́rú Eérú, fadá á fi eérú kan gbogbo wa níwájú orí, olówó àti mẹ̀kúnnù. Imọ̀ ọ̀pẹ tí a jù sókè tayọ̀tayọ̀ lọ́dún tó kọjá ni wọ́n sun tó di eérú yẹn. Ìjọ fúnra rẹ̀ ló dáná sun ayọ̀ èṣí, tó fi kùn wá lójú kí aráyé rí i. Ta ló tún yẹ kó máa fi ojú pamọ́ lẹ́yìn ìyẹn? Ẹ tún ṣí Bíbélì sí Sáàmù 88. Igbe ẹni tí ìyà ń jẹ ni láti òkè délẹ̀, inú òkùnkùn ló sì parí sí. Síbẹ̀, àdúrà ni. Ẹni tó ṣì ń bá Ọlọ́run ṣàròyé kò tíì kẹ̀yìn sí i.

Ìyá aláta kan wà nínú ìjọ wa. Lọ́dún kan, láti ọ̀sẹ̀ kejì Lẹ́ńtì lọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti wà nílé ìwòsàn, tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. "A dúpẹ́" ṣáá ló ń sọ fún wa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, a ń rin Ọ̀nà Àgbélébùú, ìdúró 14, a ń kúnlẹ̀, a ń dìde. Nígbà tó di ìdúró keje, gbogbo wa dìde, òun nìkan ló kù sílẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì mú, ata ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Mà, ẹ mú ọwọ́ yín wá." Kò mú ọwọ́ wá. Ohun tó sọ ni pé, "Mi ò tíì sùn láti ọjọ́ Ajé, mi ò sì rówó ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fà sí i lọ́la."

Nígbà tí a parí, obìnrin mẹ́rin dúró sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n pín iṣẹ́: ẹni tó máa sùn ti ọmọ, ẹni tó máa jókòó ti ìsọ̀ ata, ẹni tó máa gbé oúnjẹ lọ, ẹni tó máa gba owó jọ. Ojoojúmọ́ la kúkú ń rí ìyá yìí tẹ́lẹ̀, kò kàn tíì sọ ohun tó nílò fún wa ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Jésù ṣubú lọ́nà yẹn, ní ìdúró kẹta, ìkeje àti ìkẹsàn-án. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo ẹni tó máa gbé e dìde, àgbà ń wo ohun tó gbé e ṣubú. Tí ìyà bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣe bí ọmọdé. Mo mọ àwọn tó fi odindi oṣù mẹ́fà wá ẹni tó ṣe wọ́n, bóyá ìyàwó bàbá ni, bóyá aládùúgbò ni (àpò wòlíì nìkan ló ń wú), tí wọn ò tíì pe ẹnì kan ṣoṣo tó lè fún wọn lọ́wọ́. Tí ẹ bá sì máa pè é, ẹ sọ ọ́ kó yéni. "Ẹ máa rántí mi nínú àdúrà" dára, ṣùgbọ́n "Ẹ bá mi mú ọmọ wálé láti iléèwé ní Ọjọ́bọ̀" ló ń gbé ènìyàn dìde lórí àga. Ẹ má sì ṣa ẹni tó máa ràn yín lọ́wọ́ jù. Símónì ará Kírénè tó bá Jésù gbé àgbélébùú kò sí lára àwọn àpọ́sítélì méjìlá. Ìgbèríko ló ti ń bọ̀ jẹ́jẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi gbé e lé e léjìká.

Ààwẹ̀ ńkọ́? Ìjọ Àgùdà ò ní kí aláìsàn tàbí aboyún febi para wọn. Ọjọ́rú Eérú àti Ẹtì Rere nìkan ló di dandan, láti ẹni ọdún 18 títí dé 59, oúnjẹ àjẹyó kan sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tó wá ń gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta, ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré. Láti Ọjọ́rú Eérú títí di ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde, ọjọ́ 46 ni. Ìjọ yọ Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fà kúrò kó tó ku 40. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn, ẹ yọ tiyín náà: ọjọ́ tí ẹ máa wẹ̀ dáadáa, tí ẹ máa jẹ iyán gbígbóná, tí ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ ò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ìyà mìíràn sì wà tí kì í tètè tán. Ní 5 Oṣù Kẹfà 2022, Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀. Àwọn tó kú lé ní 40. Ìgbà Àjíǹde 2023 ni wọ́n tó padà jọ́sìn níbẹ̀. Ẹ ro Lẹ́ńtì tó ṣáájú Àjíǹde yẹn wò, tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Mo fẹ́ràn òwe yìí torí pé kò bo akólòlò mọ́lẹ̀: gbogbo wa ń gbọ́ ọ bó ṣe ń "ba, ba, ba", a sì dúró dè é. Ẹni tó ń sọ fún ará Ọ̀wọ̀ pé "ẹ gbàgbé ẹ" ti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu akólòlò.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá aláta. Ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ọdún tó kúnlẹ̀ tí kò dìde yẹn, ọmọ rẹ̀ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá rẹ̀ gba imọ̀ ọ̀pẹ méjì. Ó ní òun máa fi ọ̀kan há òkè ilẹ̀kùn. Ó fi ọ̀rá wé ìkejì kí nọ́ọ̀sì má baà ní ó dọ̀tí. Mo bi í pé, "Ṣé dáadáa ni, mà?" Ó wò mí.

"Kò tíì dáa," ló wí. "Ìwọ lo máa jókòó ti ata lọ́la."