Àbẹ̀kẹ́, Yíǹkì Wo Lo Fi Ń Kọ Ọ̀rọ̀ Ìyá?

Òkè-Ìlá,
Adó-Èkìtì.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé ẹsẹ̀ tó rọ́ ọ lọ́jọ́ ìsìnkú ní Ìfàkì ti fi ọ́ sílẹ̀? Ṣé ọmọ Ọ̀mùò tí ẹ jọ ń gbé yàrá kò bá ọ jà lórí omi mọ́? Bá mi kí i. Kí onílé yín náà fún mi, ẹni tó fún ọ ní iṣu lọ́jọ́sí. Èèyàn rere ni, má jẹ ẹ́ lówó ilé. Ní ti àwa níbí, a dúpẹ́. Màmá rẹ àgbà kí ọ. Orúnkún ló ń dà á láàmú, síbẹ̀ kò jẹ́ kí n gún iyán, ó ní kókó ni mo máa ń fi sínú rẹ̀. Iṣu tuntun ti dé Ọjà Ọba, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò ṣeé dá lóhùn.

O ó máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Bí mo bá pè, “Bẹ́ẹ̀ ni sà, mo ti gbọ́ sà” ni o ó máa sọ, ojú rẹ á sì wà níbòmíràn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí o lè kà á lẹ́ẹ̀mejì. Gègé ni mo sì fi kọ ọ́, kí o má baà rò pé mo kórìíra ohun tó o fẹ́ràn.

Ọ̀rọ̀ kan ló dé etí mi lẹ́yìn ìsìn ní Emmanuel, ní Òkèṣà. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó sọ ọ́, o kúkú mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní owó oúnjẹ tí bàbá rẹ fi ránṣẹ́, gègé lo fi rà: ọ̀kan tí à ń rọ yíǹkì sí, tó wá láti China, àti odindi páálí bírò jẹ́ẹ̀lì aláràbarà. Wọ́n ní gàrí lo ń mu láàárọ̀ lálẹ́. Wọ́n tún ní aláwọ̀ àlùkò lo fi kọ tẹ́ẹ̀sì. Àbẹ̀kẹ́! Olùkọ́ tó ń máàkì ìwé ogunlọ́gọ̀ ọmọ nínú ooru, ṣé òun lo fẹ́ fi àlùkò dá lára yá? Láti ìgbà WAEC ni wọ́n ti ń sọ fún yín pé búlúù tàbí dúdú ni kí ẹ fi kọ ìdánwò. Pupa, ti olùkọ́ ni. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ẹni tí kì í ṣe ọ̀dítọ̀ tó bá fi yíǹkì aláwọ̀ ewé kọ nǹkan sínú fáìlì wa, kúẹ̀rì ló máa gbà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Síbẹ̀, mi ò lè bá ọ jà jìnnà lórí gègé, ìdílé yìí lo ti jogún rẹ̀. Ní 1955, ọdún tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ni wọ́n mú mi lọ sílé ìwé. Síléètì la fi bẹ̀rẹ̀, a bọ́ sórí pẹ́ńsù, lẹ́yìn náà a bọ́ sórí igi gègé tí à ń tì bọ inú ìgò yíǹkì. Kí èèyàn tó kọ ìlà kan tán, ìka ti di búlúù. Láyé ìgbà náà, bí àwọn ọmọ Christ's School bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Agídímọ̀, àpò àyà wọn ni àwa ọmọdé ń wò. Irin wínńdín tó ń dán lẹ́nu àpò yẹn la fi ń mọ ẹni tó ti di èèyàn. Bàbá rẹ ṣì ń rá kòrò. Bí o bá bi í, á ní òun rántí. Irọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ṣe kíláàkì n'Íbàdàn ló fún mi ní gègé Parker 51 rẹ̀ nígbà tí mo ríṣẹ́ ní 1968. O mọ̀ ọ́n, òun ló wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, òun náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin fi gbẹ́lẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, tí ìyá yín ní kí n má nà án. Ọdún 1941 ni wọ́n gbé irú rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n bo ẹnu rẹ̀ títí ó fi ku ṣóńṣó díẹ̀ níta, kí yíǹkì má baà tètè gbẹ sí i lẹ́nu. Àwọn olùkọ́ wa kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ bírò rárá. László Bíró, oníròyìn ọmọ Hungary, ti gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ láti 1938, Bic sì ti sọ ọ́ di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà láti 1950, síbẹ̀ ẹni tó bá mú un wọ kíláàsì wa, ẹgba ni. Wọ́n ní ó ń ba ọwọ́ ìkọ̀wé jẹ́. Bí mo bá wo ìwé tí àwọn ọmọ ń kọ lóde òní, mo rí i pé wọn kò parọ́.

Ìyá rẹ ní ẹnu gègé rẹ ti là, o sì ti ń pariwo pé ayédèrú ni wọ́n tà fún ọ. Kì í ṣe ayédèrú. O tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ bírò ni. Wò ó dáadáa, ojú ìlà tín-ín-rín kan wà láàárín ẹnu rẹ̀. Ibẹ̀ ni yíǹkì ń gbà sọ̀ kalẹ̀, ìwé fúnra rẹ̀ ló sì ń fà á. Kò sí ohun tí agbára rẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀. Jẹ́ kó dùbúlẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, kí ojú ìlà yẹn kọjú sókè, kí o sì jẹ́ kó máa rìn. Wá ìwé tó ki díẹ̀, torí ẹkasáìsì olówó pọ́ọ́kú á mu yíǹkì títí yóò fi yọ sódì kejì. Má gbé e sápò wọ ọkọ̀ Ìwòròkò lọ́sàn-án gangan. Atẹ́gùn inú rẹ̀ á gbóná, á fẹ̀, á sì ti yíǹkì jáde sára bùláòsì rẹ. Bí ọyẹ́ bá dé, má ṣí i sílẹ̀. Omi lásán la fi ń fọ̀ ọ́, kì í ṣe omi gbígbóná. Yíǹkì òǹtẹ̀ àti yíǹkì àwọn ayàwòrán kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, bó bá ti gbẹ sí i lọ́nà ọ̀fun, ó parí nìyẹn.

Ti ọwọ́ òsì rẹ tún wà níbẹ̀. O rántí pé èmi ni mo lọ bá olùkọ́ tó ń na ọwọ́ náà, tí gbogbo ẹbí ní mò ń bà ọ́ jẹ́. Mi ò bà ọ́ jẹ́, mo tún lè lọ lónìí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì á máa gba orí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ kọjá ni, á sì máa gbá a nù. Gbé ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìlà, yí ìwé díẹ̀, kí o sì wá yíǹkì tó tètè ń gbẹ. Quink tí Parker gbé jáde ní 1931, torí kó lè tètè gbẹ ni wọ́n ṣe ṣe é. Jẹ́ẹ̀lì rẹ máa ń pẹ́ kó tó gbẹ. Mo rí àpá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ lọ́jọ́ Àjíǹde, mo kàn dákẹ́ ni.

Gbogbo èyí kọ́ ló mú mi jókòó kọ̀wé. Gàrí kò pa ẹnikẹ́ni rí, tẹ́ẹ̀sì á sì kọjá. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni èyí tí Ìyá Ìyìn, àbúrò bàbá mi, fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi: pé o máa ń wá bá òun lọ́jọ́ Sátidé, pé o ń bi òun ní ọ̀rọ̀ àtijọ́, o sì ń fi oríṣiríṣi àwọ̀ kọ ọ́, ó dára lójú. Àbẹ̀kẹ́, inú mi dùn. Ọmọ mélòó ló wà nínú ilé yìí, ta ló jókòó ti Ìyá bi í ní nǹkan rí? Ìgbà tí mo délé ni ẹ̀rù wá bà mí. Yíǹkì wo lo fi ń kọ ọ́?

O mọ àpótí abẹ́ ibùsùn mi. Gbogbo yín ti gbọ́ pé òjò ba ìwé kan jẹ́ nínú rẹ̀, ẹ kò gbọ́ ìyókù. Ní 1974 ni Yèyé mi pè mí pé kí n mú ìwé wá. Alẹ́ púpọ̀ la fi jókòó, ó ń sọ, mò ń kọ: ibi tí àwọn bàbá rẹ̀ ti ṣí wá, oríkì wọn, èèwọ̀ wọn, orúkọ àwọn ọmọ tó bí tí kò dúró, ìdí tí wọn kì í fi dá oko kan lọ́nà Ìkẹ́rẹ́. Yíǹkì Washable Blue ló wà nínú Parker mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí kì í ba ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ jẹ́; fífọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n kọ ọ́ gbangba sára ìgò. Yèyé kú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àkọ́rọ̀ òjò ká páànù yàrá mi lọ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí mo dé tí mo ṣí ìwé náà, ojú ewé gbogbo ti di búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ aró. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ mọ́.

Àfi níbì kan. Yíǹkì tán lálẹ́ ọjọ́ kan, mo sì mú pẹ́ńsù ọmọ onílé. Orúkọ obìnrin mẹ́ta ni mo fi pẹ́ńsù náà kọ, ìyá tó bí Yèyé àti àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀. Omi kò rí wọn gbé ṣe. Àbẹ̀kẹ́ ni èkejì nínú wọn, òun ni mo fi sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ rẹ. Ìyókù ti lọ. Mo ti bi Ìyá Ìyìn. Ẹbí bàbá mi ni, kò mọ̀dí ìlà Yèyé. Ṣé o wá rí ìdí tí mi ò fi lè sùn?

Má sì rò pé ilé páànù nìkan ni omi ti ń ṣe báyìí. Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ níbí, akéwì tí ayé mọ̀, New Orleans ló ti ń kọ́ni nígbà tí ìjì Katrina jà lóṣù kẹjọ ọdún 2005. Òun àti ìyàwó rẹ̀ sá gòkè àjà, omi ń tẹ̀ lé wọn, kí wọ́n tó rí ẹni yọ wọ́n. Wọ́n yè é, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé rẹ̀ àti ohun tó fọwọ́ kọ bá omi lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ nípa jẹ́ẹ̀lì tí mò ń bú yìí. Sakura ní ilẹ̀ Japan ló kọ́kọ́ ṣe é, ní 1984, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni omi kì í tètè ṣí kúrò lójú ìwé. Lọ́nà yẹn, ó sàn ju Washable Blue mi lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́. Pilot, Japan bákan náà, ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní FriXion, tí à ń fi ìdí rẹ̀ ra ojú ìwé kí ọ̀rọ̀ lè parẹ́. Ooru ló ń pa á rẹ́, bí ooru náà bá ti tó ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Gbàgbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀ tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa nínú oòrùn oṣù kẹta, kí o padà wá wò ó. Òfìfo lo máa bá. Bí ọ̀kan bá wà nínú páálí rẹ, má fi kan ọ̀rọ̀ Ìyá. Àwọn ààfáà tó ń fi tàdáwà kọ̀wé sí wàláà, wọ́n mọ̀ pé àwọn máa fọ̀ ọ́, wọ́n sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí à ń mu ún ni. Ọ̀rọ̀ Ìyá kì í ṣe hántú.

Nítorí náà, fi gbogbo àwọ̀ tó o ní kọ orúkọ rẹ sórí ìwé kan, jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kí o gbé e sínú òjò. Fi òmíràn há ojú fèrèsé níbi tí oòrùn ń pa. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni kí o máa lò. Bí o bá bi èmi, dúdú ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi yíǹkì tó ní irin nínú kọ ìwé àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó wọn fún ọjọ́ pípẹ́. Bó ṣe ń pẹ́ ló ń dúdú sí i. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ irin, má jẹ́ kó sùn sínú gègé China rẹ. Bí kò bá sí owó, pẹ́ńsù.

Bí o bá sì ń wá iṣẹ́ fún àlùkò yẹn, fi dúdú kọ ọ̀rọ̀ kí o fi àlùkò fi àmì ohùn sí i lórí. Mo wo ìwé tó o mú wá lọ́jọ́ Àjíǹde, kò sí àmì kankan. Ta ni yóò ka oríkì bẹ́ẹ̀ nígbà tí Ìyá kò bá sí ńbẹ̀ mọ́ láti dá a fún un? Bí Ìyá bá sì ní ulé, ulé ni kí o kọ. Má bá a tún un ṣe sí ilé nítorí àwọn olùkọ́ rẹ.

Lọ sí Ìyìn ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, má dúró de ẹ̀yìn ìdánwò. Nígbà tí mo débẹ̀ gbẹ̀yìn, orúkọ bàbá mi ló fi ń pè mí. Fi fóònù ya àwòrán gbogbo ohun tó o ti kọ, kí o sì kó àwọn ìwé náà wá bá mi, ká jọ dà á kọ. Owó tó wà nínú àpò lẹ́tà yìí, oúnjẹ ni kí o fi rà. Mo ti ní kí awakọ̀ tó mú un wá bi ọ́ ní ohun tó o sè.

Èmi ni,
Bàbá Òkè-Ìlá