Okùn Tí Ń Dá Iṣẹ́ Dúró

Ẹni tí ó bá ti jókòó nídìí òfì rí mọ̀ pé bí fọ́nrán òwú kan bá já, tí ahunṣọ kò sì tètè rí i, àbùkù ti wọ aṣọ náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí ni Sakichi Toyoda, ará ilẹ̀ Jàpáànì, rò títí tí ó fi ṣe ẹ̀rọ ìhunṣọ kan ní ọdún 1924, èyí tí ń dúró fúnra rẹ̀ ní kété tí òwú bá já. Láti ìgbà náà, ẹnì kan ṣoṣo lè máa bójú tó ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ.

Kiichiro, ọmọ rẹ̀, ni ó dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota sílẹ̀ ní ọdún 1937. Ní ọdún 1950, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, gbèsè wọ ilé-iṣẹ́ náà lọ́rùn, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ pàdánù iṣẹ́ wọn, Kiichiro fúnra rẹ̀ sì fi ipò sílẹ̀. Ẹni tí ó wà nínú irú ìnira bẹ́ẹ̀ kò lè máa kó irin jọ bí òkè sínú àká. Nítorí náà ni Taiichi Ohno, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ibẹ̀, ṣe fi í lélẹ̀ pé ohun tí a nílò nìkan ni kí a máa ṣe, ní ìwọ̀n àti ní àkókò tí a nílò rẹ̀.

Wọ́n tún ta okùn kan sí òkè orí àwọn òṣìṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí àbùkù yóò fà á. Iná yóò tàn, ọ̀gá yóò sáré dé, bí àtúnṣe kò bá sì tètè ṣeé ṣe, gbogbo iṣẹ́ yóò dúró. Èyí le ju bí a ti ń sọ ọ́ lọ, nítorí kò rọrùn fún ọ̀gá láti gbà kí ọmọṣẹ́ dá iṣẹ́ dúró. Níbòmíràn, ẹni tí ó bá dá a dúró ni wọn yóò dá lẹ́bi. Àbùkù a sì fara pamọ́ sínú ọkọ̀ títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tí ó fowó rà á.

Ní Fremont, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, General Motors ti ilé-iṣẹ́ kan pa ní ọdún 1982. Nígbà tí òun àti Toyota jọ ṣí i padà ní ọdún 1984, púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ ni wọ́n gbà padà. Àwọn ènìyàn kan náà ni, ṣùgbọ́n okùn ti wà lórí wọn. Kò sì pẹ́ tí ọkọ̀ wọn fi ń bá ti Jàpáànì dọ́gba ní dídára.

Síbẹ̀, ẹni tí kò tọ́jú nǹkan pamọ́ yóò kan ìṣòro lọ́jọ́ ọ̀dá. Ní oṣù Kejì ọdún 1997, iná jó ilé-iṣẹ́ Aisin, tí ń ṣe ẹ̀yà bíréèkì kékeré kan fún Toyota. Èyí tí ó wà nílẹ̀ kò pọ̀ rárá, ọ̀pọ̀ jù lọ ilé-iṣẹ́ Toyota ní Jàpáànì sì dákẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí kò ṣe irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ rí ni wọ́n gba iṣẹ́ náà ṣe lọ́sàn-án lóru, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.