Ẹ̀kọ́ Tó Wà Nínú Ìṣubú Oníjàkadì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde, ṣùgbọ́n àgbà ń wá ohun tó gbé e ṣubú, kí ó má baà tún kọsẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìtàn àwọn gbajúmọ̀ nínú ìjàkadì aláìgbowó ní Amẹ́ríkà fi òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Ìjàkadì aláìgbowó ni èyí tí wọ́n ń ṣe ní ilé-ìwé, ní yunifásítì àti ní ìdíje Òlíńpíìkì. Ó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń dá aráyé lára yá lórí tẹlifíṣọ̀n, nítorí máàkì ni adájọ́ ń kà, ẹni tó bá sì tẹ èjìká alátakò rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ ti borí lójú ẹsẹ̀.

Dan Gable, ọmọ ìlú Waterloo ní ìpínlẹ̀ Iowa, borí nínú gbogbo ìfigagbága 64 tó ṣe ní ilé-ìwé girama, nígbà tí ó sì dé yunifásítì Iowa State, ó tún borí ní ìgbà 117 léraléra. Ìfigagbága tó kẹ́yìn ní yunifásítì, ní 1970, ni Larry Owings ti Yunifásítì Washington, ẹni tó dín ìwúwo ara rẹ̀ kù kí ó lè bá a pàdé, fi máàkì 13 sí 11 dá a. Gable ti sọ léraléra pé ìpàdánù yẹn ló sọ òun di oníjàkadì tó dáńtọ́, nítorí ó mú òun padà lọ yẹ ibi tí òun kù sí wò. Ní 1971, ó di akọni àgbáyé. Ní 1972, ó gba wúrà ní Òlíńpíìkì Munich láìjẹ́ kí alátakò kankan gba máàkì kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ a kọ́kọ́ gbóná.

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí akọni fi nílò olùkọ́. Gable di olùkọ́ àgbà ní Yunifásítì Iowa, tí í ṣe abánidíje ilé-ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti jáde, láti 1976 títí di 1997, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo yunifásítì nígbà 15. Mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ tẹ̀ léra, láti 1978 dé 1986, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń lé ìkẹwàá ní 1987, Iowa State gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó di 1991 kí Iowa tó tún gbà á, wọ́n sì gba mẹ́fà kí Gable tó fi ipò sílẹ̀.

Oníjàkadì mìíràn, Cael Sanderson, kò pàdánù rárá nínú ìfigagbága 159 tó ṣe ní Iowa State, síbẹ̀ wọ́n dá a nínú àṣekágbá ìdíje àgbáyé ti 2003 ní New York. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gba wúrà ní Òlíńpíìkì Athens. Láti 2009 ni ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ Yunifásítì Penn State. Ní ti oníjàkadì obìnrin Tamyra Mensah-Stock, ó borí nínú ìdíje ìyanni fún Òlíńpíìkì 2016, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà kò rí àyè gbà ní ìsọ̀rí ìwúwo rẹ̀. Ó bá wọn lọ sí Rio láti máa bá àwọn tó rí àyè ṣe ìgbaradì. Ní Tokyo, ní 2021, ó gba wúrà nígbà tí ó borí Blessing Oborududu ti Nàìjíríà, ẹni tí fàdákà rẹ̀ jẹ́ àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ fún ìjàkadì Nàìjíríà. Ẹni tí ilẹ̀kùn bá tì mọ́ níta, kí ó má ṣe jìnnà sí ibi iṣẹ́.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ọmọṣẹ́ bá fìdí rẹmi, kí ọ̀gá rẹ̀ bi í pé níbo ni nǹkan ti yí, kí ó tó bi í pé ta ló fà á. Kí wọ́n sì mú àbùkù kan ṣoṣo tí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣe lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó ń borí pàápàá, kí ó máa yẹ ara rẹ̀ wò bẹ́ẹ̀, nítorí àbùkù tí ìṣẹ́gun bá bò mọ́lẹ̀, alátakò ni yóò kọ́kọ́ rí i.